Bí Wọ́n Bá Fọwọ́ Sí Ìwé Àṣẹ Oògùn, Iṣẹ́ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ni

Ekosodin fara ti ọgbà Yunifásítì Benin ní Ugbowo, ní Ìlú Benin. Kò ní èbúté, aṣọ́bodè kankan kì í sì í tú kọ̀ńténà níbẹ̀. Síbẹ̀, agbára káká la fi lè rí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìkówọlé oògùn kàn tó o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọjọ́ orí wọn sì ni àwọn tó ń ta oògùn amúniyó máa ń dójú sọ. Kò sì jìnnà sí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, UBTH, wà. Láti 1973 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn wá síbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, Delta, Oǹdó àti Kogí. Oògùn tí dókítà ń wá fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí ẹlòmíràn ń wá láti fi yó. Ìwé kan ló yẹ kó ya ọ̀nà àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ láti etí òkun wá, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó fẹ́ kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìwé yìí bá ṣe le tó láti gbà ni ìlú yóò ṣe ní ààbò tó. Èrò tiwa yàtọ̀. Ìgbà tí a bá ń ka oògùn náà láti ọkọ̀ ojú omi títí dé ọwọ́ aláìsàn nìkan ni ìwé àṣẹ ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìkànìyé yẹn bá ti já ni ewu ti ń wọlé, yálà ìwé náà le gbà tàbí ó rọrùn.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Àwọn oògùn àti kẹ́míkà kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí oníṣòwò kàn dédé kó wọlé bíi ti páràsítámọ́ọ̀lù. Lára wọn ni morphine, codeine, diazepam àti pentazocine, àti ephedrine tí àwọn ọ̀daràn fi ń se methamphetamine. Àdéhùn àgbáyé mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ètò náà: ti ọdún 1961 lórí oògùn olóró, ti 1971 lórí oògùn tó ń yí ọpọlọ padà, àti ti 1988 lórí gbígbógun ti òwò àìtọ́. Nàìjíríà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ti 1961, ẹrù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń rà á àti ẹni tó ń tà á, àti àkókò tí ẹrù gbọ́dọ̀ dé, gbogbo rẹ̀ ló ní láti wà nínú ìwé náà. Orílẹ̀-èdè tó ń tà kò gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ẹrù kó tó rí ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ń rà. Bí ẹrù bá sì ti gúnlẹ̀, ìjọba tó gbà á yóò kọ iye tó wọlé gan-an sórí ìwé, yóò dá a padà fún ìjọba tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe òwò náà gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹni tó bá ka òfin náà yóò rí i pé ìbuwọ́lù kọ́ ló jẹ wọ́n lógún jù. Iye ni, àti ibi tí iye náà wọlẹ̀ sí.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ ló ń fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé yìí, ẹ̀ka kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé oògùn olóró àti irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Àjọ NDLEA, tí òfin 1989 dá sílẹ̀, ló ń lé àwọn tó ń ṣòwò láìgba ìwé. Ẹni tó bá ń wá àṣẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ òun forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, pé apòògùn tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kú ló ń bójú tó o, pé ilé ìkẹ́rùsí òun ní àgádágodo àti ààbò tó péye, àti pé òun lè sọ bí òun ṣe pín èyí tí òun kó wọlé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá fojú ara wọn rí ibẹ̀. Fún oògùn olóró bíi morphine, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rà á, tó sì ń kó o sí ilé ìkóògùnsí rẹ̀ ní Òṣòdì, Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn ti ń rà á. Iye gbogbo tó lè wọlé lọ́dún kan ní òpin, nítorí ọdọọdún ni ìjọba ń fi iye tí ará ìlú nílò ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣọ́ oògùn olóró, INCB, ní Vienna. Kò sí ìjọba tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé tó ju iye náà lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè yìí, èyí tó kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe pín ẹrù àtijọ́, ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Òun náà sì ni wọ́n lè tètè fi ẹnu lásán ṣe, nítorí àgádágodo ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n páálí oògùn tó ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí, àfi kí èèyàn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ codeine fi èyí hàn kedere. Kí 2018 tó dé, oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ kún ìgboro, láti Kano títí dé àwọn àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ ní gúúsù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba inú igbó wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀, tí wọ́n ní ìwé àṣẹ láti kó codeine wọlé, ló ń pò ó nínú ilé-iṣẹ́ tí NAFDAC ti yẹ̀ wò. Nígbà tí BBC gbé fíìmù rẹ̀ jáde ní ìparí oṣù kẹrin 2018, tó sì fi àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oògùn hàn níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ikọ́ fún ẹni tí kò yẹ, mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, pàṣẹ fún NAFDAC pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ mọ́ láti kó codeine wọlé fún oògùn ikọ́. NAFDAC ti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta pa fún ìgbà díẹ̀, méjì ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Èkó. Àlàyé tí àjọ náà ṣe ni pé wọn kò fi gbogbo ìwé tí àwọn béèrè hàn. Ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa. Codeine náà ti bá òfin mu ní èbúté, ó bá òfin mu nínú ilé ìkẹ́rùsí, ó sì bá òfin mu nínú ẹ̀rọ tó ń rọ ọ́ sínú ìgò. Ìgbà tí ìgò kúrò lẹ́nu géètì ni ìkànìyé já. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ìwé àṣẹ náà di ìlọ́po mẹ́wàá ní lílekoko, kò ní dí ihò yẹn, nítorí ibi tí ihò wà kọ́ ni wọ́n ń le mọ́.

Tramadol gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló já sí. Nàìjíríà ka tramadol mọ́ oògùn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́, ṣùgbọ́n àwọn àdéhùn àgbáyé kò kà á mọ́ ọn. Nítorí náà, fún ọdún púpọ̀, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Íńdíà kò ní láti rí ìwé àṣẹ Nàìjíríà kó tó di ẹrù sínú ọkọ̀. Apá kan ṣoṣo ni òfin ti dì í mú. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: ní oṣù kejìlá 2017, àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé tramadol tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àìtọ́ lọ́dún ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ti fò láti 300 kìlógíráàmù dé ohun tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ láti 2013. Ní oṣù kẹrin 2018, Íńdíà fi tramadol sábẹ́ òfin oògùn olóró rẹ̀, ó sì di dandan kí ìwé wà níhà méjèèjì. Àmọ́ àwọn oníṣòwò náà kò jókòó. Ní oṣù kejì 2025, BBC tún fi hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po tapentadol pọ̀ mọ́ carisoprodol, àpòpọ̀ tí kò sí orílẹ̀-èdè kankan lágbàáyé tó fọwọ́ sí i, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Íńdíà fòfin de àpòpọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ tí ẹni tó ń tà kò ní láti wò ti já kí ọkọ̀ tó ṣí ní èbúté òkèèrè.

Ẹni kan lè rò pé ọ̀rọ̀ oògùn amúniyó nìkan nìyí, pé ilé tí kò sí ọmọ tó ń mu ún kò ní ohun tó kàn án. Ìtàn My Pikin já irọ́ yẹn. Láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó kéré tán ọmọ 84 kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí òbí wọn fún wọn ní oògùn eyín tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Propylene glycol, kẹ́míkà tí wọ́n máa ń fi po oògùn olómi, ni ilé-iṣẹ́ náà rò pé òun rà. Diethylene glycol, májèlé, ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò ní ìwé NAFDAC ni wọ́n sì ti rà á ní Èkó. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ rán òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje. Kẹ́míkà yìí kì í pa ènìyàn bí ọtí, kò sẹ́ni tó ń rà á láti yó. Ohun tó pa àwọn ọmọ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò lè tọ ipasẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kan láti ọwọ́ ẹni tó kó o wọlé dé ọwọ́ ẹni tó dà á sínú oògùn ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé àṣẹ tó ń tẹ̀lé ẹrù wúlò fún ìyá ọlọ́mọ ní Ekosodin gẹ́gẹ́ bó ṣe wúlò fún ọlọ́pàá.

Àwọn tó ń tako ìṣọ́ yìí ní ẹ̀sùn tó lágbára, kò sì yẹ ká fojú tín-ín-rín rẹ̀. Wọ́n ní àwọn aláìsàn ló ń jìyà ìwé tó le, òótọ́ sì ni. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ lórí ìrora, tó jábọ̀ ní oṣù kẹwàá 2017, ṣírò iye morphine tàbí irú rẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó nílò ìtura lọ́dún. Ní Kánádà, ó ju 68,000 mg lọ. Ní Mẹ́síkò, 562 mg. Ní Íńdíà, 43 mg. Ní Nàìjíríà, 0.8 mg ni, ìyẹn ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n nílò. Ẹni tó bá ti rí ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní ìparí ayé rẹ̀, tàbí ẹni tí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde dì mú láàárín òru, mọ ohun tí òǹkà yẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí síbi kan, kí ẹ fi ìwádìí tí Nàìjíríà àti UNODC ṣe lórí lílo oògùn ní 2018 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwádìí náà sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn tí kò yẹ kí wọ́n lò láàárín ọdún kan, àti pé mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn lo oògùn ìrora bíi tramadol àti codeine láìsí àṣẹ dókítà. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo àwọn tó lo irú oògùn tí kò yẹ bẹ́ẹ̀ tó 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún; ní gúúsù-gúúsù tí Ẹdó wà, ó jẹ́ 16.6. Ìlú kan náà ni ebi morphine ti ń pa aláìsàn tí tramadol sì ti ń kún ìgboro. Bí líle ìwé bá jẹ́ ohun tó ń dáàbò bo ìlú ni, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo líle náà wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí olóòótọ́ ń gbà kọjá, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Uganda fi hàn pé ìṣọ́ àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà. Láti ọdún 1993 tí Hospice Africa Uganda ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún aláìsàn ní morphine olómi tí wọ́n ń pò nílé. Ní 2004, òfin gba nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe láàyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn, kí ẹni tó wà lábúlé má baà kú sí ọ̀nà ilé dókítà. Oògùn tó ń dé ilé aláìsàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ rọrùn láti kà ju èyí tó ń gba ọwọ́ alágbàtà márùn-ún kọjá lọ. Nítorí náà, ìkànìyé tó dára lè jẹ́ kí ìjọba dẹ ọwọ́ níbi tó yẹ. Òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí morphine ọdún tó kọjá lọ kò ní bẹ̀rù láti fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a tilẹ̀ fòfin de àwọn oògùn náà pátápátá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe sí codeine oògùn ikọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìgbésẹ̀ 2018 yẹn ní ìdí, nítorí oògùn ikọ́ mìíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀, mínísítà sì ti ní kí wọ́n lo dextromethorphan dípò codeine. Morphine kò ní irú arọ́pò tó wọ́nwó bẹ́ẹ̀ fún ìrora jẹjẹrẹ, ephedrine náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹlòmíràn yóò sọ pé aṣọ́bodè kì í rí ìwé oníṣòwò àìtọ́, pé kí ló wá kan ìwé àṣẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó kàn án púpọ̀. Bí kò bá sí ìwé tó tọ́ tí a lè fi wé, NDLEA kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé ẹjọ́ pé páálí kan kò tọ́. Bí àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó gbàṣẹ bá sì pé, tí iye tó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ bá iye tó wọlé mu, oògùn tí wọ́n bá ká mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn ti sọ ibi tó ti wá. Àfiwé ni ìṣọ́ fi ń ṣiṣẹ́, ohun tí a kò sì kọ sílẹ̀ kò ṣeé fi wé ohunkóhun.

Ẹ̀sùn tó kù ni ti rìbá. Wọ́n ní bí a bá fi àkọsílẹ̀ kún àkọsílẹ̀, ọwọ́ tí yóò máa gbà á yóò pọ̀ sí i, àti pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ̀sùn yìí tọ́ sí ètò tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ìbuwọ́lù kan, nítorí ẹni kan ṣoṣo ni èèyàn ní láti rí. Kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ètò tí apòògùn ilé-iṣẹ́, alágbàtà, ilé ìwòsàn àti ìgbìmọ̀ Vienna ti ń kọ iye kan náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo wọn ní láti ra ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwọn ọjà gbangba tí wọ́n ti ń ta oògùn lọ́pọ̀ ni ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń kú. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ní Èkó, ti Ariaria ní Aba àti ti Head Bridge ní Onitsha pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì kó oògùn tó ti bàjẹ́ àti èyí tí òfin dè níbẹ̀. Títì pa fún ìgbà díẹ̀ kò tó. Àfi kí àwọn olóògùn wọ̀nyẹn bọ́ sí ilé ìtajà tí apòògùn wà, tí ìwé ìwọlé àti ìjáde sì wà.

Ìjọba tó fẹ́ tún ètò yìí ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ohun mẹ́ta. Kí wọ́n dín ìdúró pípẹ́ kù fún ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò ẹrù rẹ̀ àtijọ́ pé. Kí wọ́n má fún ẹni tí kò ṣe é ní ìwé tuntun, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Kí wọ́n sì máa gbé iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dọọdún àti iye tó dé ilé ìwòsàn síta fún aráyé kà. Tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì kékeré tí kò ní apòògùn ti fi owó rẹ̀ ra ibi tí ìkànìyé ti já. Kí òbí tó rán ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwé ní Benin, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ní Ekosodin, máa béèrè ìwé dókítà àti rìsíìtì, kí wọ́n máa wo nọ́mbà NAFDAC lára páálí, kí wọ́n sì fi ẹni tó ń ta tramadol láìbéèrè ìwé sùn ní ọ́fíìsì NAFDAC tàbí NDLEA tó bá sún mọ́ wọn. Ìbuwọ́lù ọ̀gá kan ní Èkó tàbí Abuja kò lè ṣọ́ oògùn dé ilé wa. Àwa tí a ń gbà á lọ́wọ́ ìkẹyìn ni òǹkà náà yóò parí sí lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó sọnù lọ́wọ́ wa.